Wúrà họ́kì Zimbabwe ní 1980: Ta ló ni ín gan-an?

Ẹ bi àwọn tó ń tẹ̀lé eré ìdárayá léèrè pé orílẹ̀-èdè Áfíríkà wo ló ti gba wúrà nínú họ́kì rí ní Olympics. Ọ̀pọ̀ á ní South Africa ni. Àwọn kan á ní kò sí. Àwọn méjèèjì ò mọ̀ ọ́n. Zimbabwe ni. Àwọn obìnrin ni wọ́n gbà á, ní ìlú Moscow, ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1980, nígbà tí òmìnira orílẹ̀-èdè wọn ò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ọdún yẹn gan-an ni họ́kì àwọn obìnrin kọ́kọ́ wọ inú Olympics. Láti ìgbà náà títí di Paris 2024, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn tó gba àmì ẹ̀yẹ kankan nínú họ́kì, ì báà ṣe ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin.

Ó yẹ kí irú ìtàn báyìí dùn mọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá délẹ̀, àríyànjiyàn ló máa ń dá sílẹ̀. Àwọn kan á ní wúrà ọ̀fẹ́ ni, torí pé àwọn tó mọ họ́kì gbá ò wá. Àwọn kan á ní òyìnbó ni gbogbo àwọn tó gbá a, kí ló wá kan Áfíríkà níbẹ̀? Èmi ò sí lẹ́yìn ìhà méjèèjì. Lójú tèmi, ti Zimbabwe ni wúrà yẹn, kò sí àbùlà níbẹ̀. Ẹjọ́ wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń wò yẹn ló wà. Orí pápá ni ẹjọ́ wà: ta ni wọ́n jẹ́ kó dé orí pápá kí 1980 tó dé, ta sì ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1979, àwọn ọmọ ogun Soviet Union wọ Afghanistan. Jimmy Carter tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà fárígá, ó ní bí wọn ò bá kó ogun wọn kúrò, Amẹ́ríkà ò ní bá wọn dé Olympics tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Moscow. Ó sì ń wá àwọn tó máa bá òun kọ̀ ọ́. Ó rán Muhammad Ali, gbajúgbajà akànṣẹ́ nì, wá sí ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Kejì ọdún 1980 kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ní Tanzania, Ààrẹ Julius Nyerere ò tiẹ̀ gbà á lálejò. Ali dé Nàìjíríà náà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ò gbọ́ sí i lẹ́nu, àwọn eléré wa lọ sí Moscow. Kenya àti Liberia ní tiwọn tẹ̀lé Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, orílẹ̀-èdè 80 péré ló kópa. Ọ̀rọ̀ họ́kì àwọn obìnrin ló wá burú jù. Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ò wá, Amẹ́ríkà ò wá, ẹgbẹ́ họ́kì Netherlands tó gba Ife Àgbáyé ní 1978 náà jókòó sílé. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹgbẹ́ tí wọ́n máa fi dí àlàfo, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Zimbabwe. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló kù kí ìdíje bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin 16 ni wọ́n kó jọ wéréwéré. Kò sí ẹni tó ń fi họ́kì jẹun nínú wọn. Ann Grant ni balógun wọn, ìyẹn ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹ pè é bó ṣe wù yín, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Duncan Fletcher tó padà di akọ́ni ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì England àti ti India. Anthea Stewart ń gbá bọ́ọ̀lù, ó tún ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbejì tiẹ̀ wà nínú wọn, Sandra Chick àti Sonia Robertson. Nílé, orí koríko gidi, èyí tó ń hù láti inú ilẹ̀, ni wọ́n ti mọ eré yìí. Nígbà tí wọ́n dé Moscow, koríko àtọwọ́dá ni wọ́n bá nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù kì í rìn bákan náà lórí méjèèjì: lórí koríko gidi, ó máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ilẹ̀ á dá a dúró, lórí ti àtọwọ́dá, ṣe ló ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fẹsẹ̀ tẹ irú pápá bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, kálukú sì gbọ́dọ̀ bá àwọn márùn-ún yòókù gbá. Ẹni tó bá borí gba máàkì méjì, ẹni tó bá ta ọ̀mì gba ẹyọ kan. Zimbabwe na Poland 4-0. Wọ́n ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Czechoslovakia. Wọ́n na Soviet Union tó ni ilé 2-0. Wọ́n ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú India. Nígbà tó ku Austria nìkan, Czechoslovakia ní máàkì 7, Zimbabwe ní 6. Wọ́n na Austria 4-1. Máàkì wọn di 8, ó parí. Wọ́n gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n.

Ó dáa, ká wá bọ́ sórí àwọn tó ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

Mo gbà pé bí Netherlands àti Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn bá wá, ó ṣeé ṣe kó máà rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá sọ́jà là ń bá nájà, a kì í bá ẹni tó jókòó sílé ṣe é. Zimbabwe kọ́ ló ní kí Amẹ́ríkà má wá. Zimbabwe kọ́ ló gbógun wọ Afghanistan. Wọ́n pè wọ́n, wọ́n lọ, wọ́n gbá a pẹ̀lú àwọn tó wà níbẹ̀, lórí pápá tí wọn ò mọ̀, níṣojú ará ìlú tó fẹ́ kí ẹlòmíì borí. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kí wọ́n ṣe?

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí àwa ọmọ Nàìjíríà ronú sí kí á tó la ẹnu. Ní 1984, ó di tiwọn: Soviet Union àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀, wọn ò lọ sí Los Angeles. Cuba ò lọ. Ibẹ̀ ni Peter Konyegwachie ti gba fàdákà nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ibẹ̀ ni Sunday Uti, Moses Ugbisie, Rotimi Peters àti Innocent Egbunike ti gba idẹ nínú eré ìje 4x400. Ṣé ẹ ti gbọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó ní kí wọ́n lọ dá a padà torí pé àwọn kan ò wá? Èmi ò gbọ́ rí. Bí ti Zimbabwe bá jẹ́ ọ̀fẹ́, tiwa náà ń kọ́? Ojú kan náà ni kí á fi wo méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kejì ló wúwo jù, òun sì ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

Òótọ́ ni: gbogbo obìnrin 16 yẹn, aláwọ̀ funfun ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń gba wúrà fún Zimbabwe, àwọn aláwọ̀ funfun ò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá wo fọ́tò wọn láìka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á rò pé England ni. Mo mọ ìdí tó fi ń dun àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ká tó sọ pé wúrà yẹn kì í ṣe ti Áfíríkà, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Áfíríkà fúnra rẹ̀ sọ.

Ní 1965, Ian Smith àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba òmìnira fún ara wọn tipátipá lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn aláwọ̀ dúdú má bàa gba ìjọba. Rhodesia ni wọ́n ń jẹ́ nígbà náà. Ní 1972, eléré Rhodesia ti dé Munich, wọ́n ti kó ẹrù wọn sílẹ̀, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní bí Rhodesia bá kópa, àwọn ń lọ ilé. Ìgbìmọ̀ Olympics dìbò: 36 ní kí wọ́n lé wọn, 31 ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n dúró. Wọ́n lé wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà láàárín àwọn tí Rhodesia kó lọ o! Bẹ́ẹ̀ náà ni Áfíríkà ní kí wọ́n máa lọ. Kí nìdí? Torí pé àwọ̀ àwọn eléré kọ́ ni ẹ̀sùn. Ẹ̀sùn náà ni pé ìjọba tó rán wọn wá kì í ṣe ti gbogbo ará ìlú.

Nàìjíríà ò kẹ̀rẹ̀ nínú ìjà yẹn. Ní 1976, a wà lára àwọn tó fi Montreal sílẹ̀ nítorí pé ẹgbẹ́ rugby New Zealand lọ bá South Africa ṣeré. Ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1979, ìjọba Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo kéde pé òun gba ilé-iṣẹ́ epo BP tó wà ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ Rhodesia àti South Africa ló fà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra epo rí nílé epo tó ń jẹ́ AP, African Petroleum, orúkọ tí wọ́n sọ BP lẹ́yìn tí ìjọba gbà á nìyẹn. Ẹ wá wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1980, ni Ann Grant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ na Austria. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká ní ìjà òmìnira yẹn ò yọrí sí rere, irú ọ̀nà tí Áfíríkà fi lé Rhodesia ní Munich náà ni wọn ò bá fi dí i mọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí ní Moscow. Àwọn tó jà fún òmìnira ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì. Bí ẹ bá gbé ẹjọ́ yìí ka iwájú mi, ìdáhùn mi ò ní gùn. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Lancaster House ní London ní oṣù Kejìlá ọdún 1979 ló bí òfin tí Zimbabwe fi bẹ̀rẹ̀. Òfin náà ò pín ọmọ orílẹ̀-èdè sí ojúlówó àti àfikún. Kódà ó ya ìjókòó 20 sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ funfun nínú 100 tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, èyí tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ó ti pọ̀ jù. Láti ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, ọdún 1980, ọmọ Zimbabwe ni àwọn obìnrin yẹn. Áfíríkà ló ní kí ìjọba gbogbo ará ìlú wà kí eléré wọn tó lè wá. Ìjọba náà wà. Eléré wá. A ò lè wá sọ lẹ́yìn ìyẹn pé àwọ̀ wọn ni ò tẹ́ wa lọ́rùn. Bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí à ń bá Ian Smith jà lé lórí gan-an la tún gbé dìde yẹn.

Nítorí náà, ti Zimbabwe ni wúrà náà. Ìdájọ́ mi nìyẹn.

Àmọ́ ẹjọ́ ò tíì tán, nítorí ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀ tí ìdájọ́ yẹn ò dáhùn: kí ló dé tó fi jẹ́ aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn?

Kì í ṣe pé àwọn ọmọbìnrin dúdú ò lè sáré, kì í sì í ṣe pé ọwọ́ wọn ò lè di ọ̀pá họ́kì mú. Òfin ló fà á. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1930 pín ilẹ̀ Rhodesia, ó kó bí ìdajì rẹ̀ fún ìwọ̀nba òyìnbó tó wà níbẹ̀. Òfin náà ló ń sọ ibi tí dúdú lè gbé ní ìgboro àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ gbé. Ilé-ìwé ìjọba fún ọmọ òyìnbó lọ́tọ̀, ti àwọn ọmọ dúdú lọ́tọ̀. Owó tí ìjọba ń ná lórí ọmọ òyìnbó kan fi ìlọ́po púpọ̀ ju èyí tó ń ná lórí ọmọ dúdú lọ. Họ́kì kì í ṣe bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá tí ọmọdé lè fi aṣọ àkísà ṣe, kó sì máa gbá a ní títì. Ó ń fẹ́ ọ̀pá, ó ń fẹ́ pápá tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń fẹ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n. Ilé-ìwé ló ní gbogbo rẹ̀, a sì ti mọ irú ilé-ìwé tó ní i.

Ẹ ro ti ọmọbìnrin dúdú kan tí wọ́n bí sí Salisbury ní 1960. Salisbury ni orúkọ tí Harare ń jẹ́ nígbà náà. Ọmọ ogún ọdún ni ọmọbìnrin yẹn ní 1980, ọjọ́ orí tó dára gan-an fún eléré. Ilé-ìwé tí òfin gbà á láyè láti lọ ò ní pápá họ́kì. Àdúgbò tí òfin ní kí òbí rẹ̀ máa gbé ò ní. Nígbà tí òmìnira dé ní oṣù Kẹrin, oṣù mẹ́ta ló kù kí Moscow bẹ̀rẹ̀. Ta ló lè fi oṣù mẹ́ta kọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ń kọ́ láti kékeré? Ẹni tí wọ́n fi dù nìyẹn, kò sì sí ìwé ìtàn Olympics tó dárúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ jẹ́ ká ka àmì ẹ̀yẹ. Láti ìgbà tí Zimbabwe ti ń lọ Olympics títí di Paris 2024, mẹ́jọ péré ni wọ́n rí gbà. Ọ̀kan ni ti họ́kì yìí. Méje yòókù, Kirsty Coventry nìkan ló gbà wọ́n nínú odò ìwẹ̀, wúrà méjì wà nínú wọn, ní 2004 àti 2008. Aláwọ̀ funfun ni Coventry náà. Òun ni wọ́n yàn ní 2025 láti jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ Olympics àgbáyé, obìnrin àkọ́kọ́ àti ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Mi ò bá a jà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ. Ṣùgbọ́n pápá họ́kì àti odò ìwẹ̀, ohun méjì tó wà ní ìhà kan ìlú tí kò sí ní ìhà kejì, ni gbogbo àmì ẹ̀yẹ mẹ́jọ ti wá. Ẹ má sọ fún mi pé àkọsẹ̀bá ni.

Kí wá ni ìjọba tuntun ṣe sí wúrà yẹn? Ìtàn kan wà tí àwọn èèyàn ti fi rẹ́rìn-ín káàkiri ayé: wọ́n ní mínísítà ṣèlérí màlúù kọ̀ọ̀kan fún àwọn agbá họ́kì náà. Nígbà tí wọ́n délé, ẹran tí wọ́n ti gé, tí wọ́n dì sínú ike, ni wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́. Ó pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, màlúù kọ́ ni gbèsè tó wà níbẹ̀. Obìnrin 16 lè ra ẹran jẹ fúnra wọn. Gbèsè tí wọn ò san ni ti ọmọbìnrin Salisbury yẹn.

Wúrà ti dé, ayé ti gbọ́, orílẹ̀-èdè tuntun wà tí gbogbo àgbáyé ń ṣe sàdáńkátà fún. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé họ́kì wọ àwọn ilé-ìwé tí òfin ti fi dù. Ní 1984, Zimbabwe ò sí nínú họ́kì Los Angeles. Láti ìgbà náà, àwọn obìnrin Zimbabwe ò tíì padà sí họ́kì Olympics. Mi ò ní parọ́ pé Zimbabwe nìkan ló fa èyí. Eré fúnra rẹ̀ ti gba ọ̀dọ̀ olówó lọ. Láti Montreal 1976 ni koríko àtọwọ́dá ti wọ Olympics, lónìí kò sí ìdíje ńlá kankan tí wọ́n ń ṣe lórí koríko gidi mọ́. Pápá àtọwọ́dá wọ́n gan-an, omi ni wọ́n ń wọ́n sí i kí wọ́n tó gbá a, ó sì máa ń gbó. Zimbabwe tẹ́ irú rẹ̀ sí Magamba ní Harare fún Eré Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ti 1995. Ó gbó mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹkún àwọn eléré lórí rẹ̀ ò sì dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Síbẹ̀, nǹkan ti ń yí padà. Àwọn ọmọbìnrin dúdú ti wà nínú ẹgbẹ́ Zimbabwe báyìí. Àwọn tí ò tíì pé ọdún 21 nínú wọn dé Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Potchefstroom ní 2022, wọ́n tún dé ti Santiago ní Chile ní 2023. Wọn ò gba ife. Ṣùgbọ́n èmi mọyì kí wọ́n dé ibẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé wúrà 1980 kì í ṣe ti Áfíríkà, ẹ dá a lóhùn pé ti Áfíríkà ni, Zimbabwe ló ni ín, àwọn tó gbà á ò jí i. Bí ẹlòmíràn bá sì fẹ́ fi wúrà kan náà hàn yín bí ẹ̀rí pé nǹkan dára nígbà yẹn, ẹ bi í pé ilé-ìwé wo ni àwọn tó gbá a lọ, ta ni òfin ò sì jẹ́ kó wọ ọgbà rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá jogún wúrà, ó jogún gbèsè tó wà nídìí rẹ̀. Zimbabwe ti gba wúrà náà láti 1980. Gbèsè pápá yẹn ló kù tí wọn ò tíì san tán.